Irú ìmọrírì wo ló yẹ àgbẹ̀ tó ń tọ́jú ilẹ̀, tó sì ń kọ́ ará àdúgbò?

Ọmọ Etídò béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àgbẹ̀ kan wà ní agbègbè wa, ìyá tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ sókè, tí oko wọn wà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó múlé oko tì wọ́n ń kọ ebè láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí àgbàrá sì ń gba inú poro gbá erùpẹ̀ lọ, ìyá yìí ń kọ ebè tiwọn ní ìbú kí ó lè dábùú ọ̀nà omi. Wọn kì í dáná sun oko lẹ́yìn ìkórè; pòròpórò àti koríko tí wọ́n bá ro ni wọ́n ń tẹ́ sórí ilẹ̀, kí oòrùn àti òjò má baà bá erùpẹ̀ ní ìhòòhò. Etí odò gan-an, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá jù, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igi àti koríko, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oko débẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìkan ti tó ohun tí ènìyàn ń dúpẹ́ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa ló mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa wá sí oko náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ a máa wá, ìyá kì í sì bá wọn sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Wọn á mú ògúlùtu kan láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ́ koríko sí fún ọdún pípẹ́, wọn á mú òmíràn láti inú ilẹ̀ tí a ń sun tí a sì ń tú nígbà gbogbo, wọn á wá rọra gbé méjèèjì sínú omi nínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó tó pẹ́, èkejì á ti tú ká, omi rẹ̀ á ti di ẹrẹ̀, àkọ́kọ́ á ṣì wà ní odindi nínú omi tó mọ́. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò nílò àlàyé púpọ̀ mọ́ nípa ìdí tí odò fi ń pọ́n lẹ́yìn òjò.

Àwa kan ní àdúgbò ti pinnu pé a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní kí a ṣe ayẹyẹ, kí a fún ìyá ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan ní owó ni kí a dá jọ. Àwọn mìíràn sì sọ pé kò dára kí a mú àgbẹ̀ kan ṣoṣo jáde láàárín ọ̀pọ̀ tó ń ṣe làálàá. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí a má lọ ṣe ohun tí yóò tẹ́ àwa fúnra wa lọ́rùn ju ẹni tí a fẹ́ yìn lọ. Irú ìmọrírì wo ló ń ṣe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láǹfààní ní tòótọ́? Kí ni a lè ṣe tí ẹ̀kọ́ wọn kò fi ní parí sórí wọn? Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ibi tí a ti yin àgbẹ̀ tí ìyìn náà wá pa iṣẹ́ rẹ̀ lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.

Atọ́jú Omi dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Ọmọ Etídò, pé ẹ béèrè kí ẹ tó dá ọjọ́ ayẹyẹ. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ mọ́ odò àti omi mímu, nítorí náà ojú omi ni mo fi ka ohun tí ẹ kọ. Lójú tèmi, ohun àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ yìn ín ni pé kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe ní pàtó. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìwé ẹ̀rí pé ẹ dúpẹ́ nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àyíká, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbogbo ènìyàn mu, kò sì fi hàn pé ẹnikẹ́ni wo oko wọn fínnífínní.

Ẹ wo ti ebè ìbú yẹn. Omi tó ń sáré lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa lágbára sí i bí ó ṣe ń jìnnà sí ibi tó ti gbéra. Bí ebè bá dá a dúró lójú ọ̀nà, yóò dẹ ìrìn, yóò jókòó, yóò sì wọnú ilẹ̀ dípò kí ó gbé ilẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni koríko tí wọ́n ń tẹ́ ń ṣe. Ẹ̀kán òjò tó bá já lu ilẹ̀ tí a kò fi nǹkan bò a máa fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà á dí ojú ihò kéékèèké tí omi ń gbà wọlẹ̀, ojú ilẹ̀ á sì le tó bẹ́ẹ̀ tí òjò tó tẹ̀ lé e kò ní rí ọ̀nà wọlẹ̀ mọ́, àfi kí ó máa ṣàn lọ. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Lágbàáyé, FAO, sọ pé ó lè gba tó 1,000 ọdún kí erùpẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 tó dá sílẹ̀. Òjò alágbára díẹ̀ lórí oko tí a kọ ebè rẹ̀ sí ọ̀nà tí kò yẹ lè kó ìyẹn lọ lójú wa.

Etí odò tí ìyá fi sílẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé sókè jù lọ nínú ìyìn yín, nítorí òun ló ná wọn ní nǹkan jù. Gbòǹgbò igi ń di bèbè odò mú, koríko ń sẹ́ erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ tí àgbàrá ń kó bọ̀, ibòji ewé sì ń mú kí omi tutù fún ẹja. Èrè gbogbo èyí kì í dúró lórí oko wọn. Ó ń bá omi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà ní òkè tó yááfì ilẹ̀ rẹ̀ tó dára jù kí omi tí àwọn ń pọn lè mọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1990, ìlú New York ní Amẹ́ríkà ní láti yan ọ̀kan nínú ohun méjì: yálà kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò máa sẹ́ omi tó ń ti òkè Catskill àti agbègbè odò Delaware wá, tàbí kí wọ́n dáàbò bo ilẹ̀ tí omi náà ti ń sun. Wọ́n yan ìdáàbòbò ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń darí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1993, owó ìlú sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí oko àwọn tó bá fẹ́, láti fi dí ọ̀nà tí ìgbẹ́ ẹran àti erùpẹ̀ ń gbà wọ odò. Ní ọdún 1997, ìlú náà fọwọ́ sí àdéhùn ńlá pẹ̀lú àwọn ará òkè odò. Mo mọ̀ pé àdúgbò yín kò lágbára owó New York. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń mu omi gbà pé àwọn jẹ àwọn tó ń tọ́jú orísun rẹ̀ ní gbèsè.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe dá ìmọrírì yìí ṣe láàárín ara yín nìkan. Ẹ mú àwọn ará ìsàlẹ̀ odò wá sí oko náà kí wọ́n wo etí odò pẹ̀lú ojú ara wọn, kí ẹ sì jọ kọ lẹ́tà kan tí yóò dárúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó ń ṣe fún wọn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé síwájú ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gé igi etí odò yẹn.

Àgbẹ̀ Àtàárọ̀ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Atọ́jú Omi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi ọkọ́ jẹun, nítorí Ọmọ Etídò béèrè bóyá ìyìn lè pa iṣẹ́ lára. Ó lè pa á lára o, mo sì ti rí i.

Àgbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ bá kàn a máa gba àlejò, àlejò kì í sì í mọ ìgbà. Wọ́n á dé ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ fún gbíngbìn, wọ́n á fẹ́ kí a fi gbogbo oko hàn wọ́n, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á lọ. Ọjọ́ náà ti bù mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, èpò kò sì dúró dè é. Nígbà tí ọ̀pọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá kóra jọ, oko tí a tìtorí rẹ̀ yìn ín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún koríko, àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ á wá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí gbogbo ayé wá wo oko àwòkọ́ṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan ìwé ẹ̀rí, ẹ bi ìyá léèrè àsìkò tí àlejò lè wá àti àsìkò tí kò gbọ́dọ̀ wá, kí ẹlòmíràn nínú yín sì gba iṣẹ́ ètò náà lọ́wọ́ wọn pátápátá, kí ó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni náà ni ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ yóò ti máa tọrọ ọjọ́.

Ẹ sì san owó ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ni àwọn ènìyàn lára láti sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pè wá kọ́ni nínú gbọ̀ngán ń gba owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́. N kò rí ìdí tí ẹni tó ń kọ́ni lórí ebè kò fi ní gbà á. Bí owó kò bá sí, kí ẹgbẹ́ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ lo ìdajì àkókò náà láti fi bá ìyá ro oko, kí wọ́n tẹ́ koríko, kí wọ́n tún ebè tó ya ṣe. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ koríko sórí ilẹ̀ kò ní gbàgbé bí ó ṣe yẹ kí ó nípọn tó, èyí kò sì ṣeé kọ́ nínú ìwé.

Ohun tó jẹ mí lógún jù lọ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ ará àríwá Burkina Faso tó di olóògbé ní ọdún 2023. Nígbà tí ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa sá kúrò ní agbègbè rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, òun dúró, ó sì mú ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï, ó tún un ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sórí ilẹ̀ tó ti le bí òkúta, ó ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ewé sínú wọn. Ikán á wá jẹun níbẹ̀, ihò tí wọ́n bá lu á sì di ọ̀nà tí omi òjò ń gbà wọlẹ̀. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ní orí rẹ̀ ti yí. Jéró àti ọkà bàbà hù níbẹ̀, igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín wọn, títí ó fi di igbó tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 40, tí irú igi àti igi kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ lé ní 60. Láti ọdún 1984 ni ó ti ń pe àwọn àgbẹ̀ jọ sí oko rẹ̀ ní abúlé Gourga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n á mú irúgbìn wá, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún ara wọn ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́.

Ayé yìn ín. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood ní ọdún 2018, ẹ̀ka àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé sì dá a lọ́lá ní ọdún 2020. Síbẹ̀, ìlú Ouahigouya tó wà nítòsí ń fẹ̀ sí i, wọ́n sì pín lára ilẹ̀ igbó rẹ̀ fún ilé kíkọ́. Igi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ dàgbà wá wà nínú ewu, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀dá, lọ́wọ́ àwòrán ilẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí dáadáa, Ọmọ Etídò. Ṣé ìyá ni wọ́n ni ilẹ̀ yẹn, àbí wọ́n ń yá a lò? Ṣé ìwé wà lórí rẹ̀? Ta ni yóò gbà á lẹ́yìn wọn, ṣé ẹni náà sì fẹ́ kí etí odò wà bí ó ṣe wà? Bí ẹ bá lè dá owó jọ, kí ẹ fi san owó agbẹjọ́rò àti owó awọnlẹ̀ kí ilẹ̀ náà lè ní ìwé tó dájú, ẹ ti ṣe ju ayẹyẹ mẹ́wàá lọ.

Olùkọ́ Ọmọdé dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un lórí ẹ̀kọ́, nítorí ibẹ̀ ni tèmi wà.

Ó dùn mọ́ mi pé ìyá ń fi ògúlùtu méjì àti ìgò omi kọ́ni, nítorí ọmọ lè tún un ṣe nílé láìsí ohun èlò kankan. Ilé ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọrírì hàn níbẹ̀ gan-an: kí àwọn ọmọ má lọ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wá wòran, kí wọ́n máa mú èsì padà lọ fún ìyá. Kíláàsì kan lè fi agolo wọn òjò, kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Òmíràn lè máa bu omi odò sínú ìgò ní òkè oko àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi wé ara wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá yóò ní àkọsílẹ̀ tí wọn kò lè rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nípa oko ara wọn. Àgbẹ̀ tí a gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò ti rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wa.

Lórí pé kí ẹ̀kọ́ náà má parí sórí wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́ lára àwọn àgbẹ̀ Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní «campesino a campesino», èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ Guatemala ní àwọn ọdún 1970, tó gbilẹ̀ ní Nicaragua ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, tó sì dé Cuba ní ọdún 1997, dúró lórí pé àgbẹ̀ ni yóò kọ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ kò tíì lè kọ́ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán ohun kan ṣoṣo wò lórí igun kékeré nínú oko tirẹ̀, bó bá ti rí èso rẹ̀ ni yóò tó di olùkọ́ fún àwọn mìíràn, oko tirẹ̀ náà á sì di ibi tí a ń lọ wò. Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó gba ọ̀nà yìí lọ́dọ̀ ìyá, àlejò á pín, ẹrù á fúyẹ́.

Ẹ tún gba ohùn wọn sílẹ̀, bí wọ́n bá gbà. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé ni mo ń wí, iṣẹ́ ni: orúkọ igi etí odò kọ̀ọ̀kan ní èdè wa, ìdí tí wọ́n fi dá a sí, ìgbà tó ń so, àmì tí wọ́n ń wò lára ilẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti ṣetán. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìyá, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e síta láìgba àṣẹ wọn.

Ọmọ Etídò fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè tí Àgbẹ̀ Àtàárọ̀ bi mí nípa ilẹ̀ mú kí n lọ bá ìyá fúnra wọn. Ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn, ìwé wà lórí rẹ̀, ọmọ wọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sì fẹ́ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe láti dúpẹ́, ìdáhùn wọn kò sí nínú gbogbo ohun tí a ti jíròrò ní àdúgbò. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ayẹyẹ. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko lókè, wọ́n fi ibi tí àgbàrá ti ń já wọlé láti inú oko aládùúgbò wọn hàn mí, tí ó sì ń fọ́ ebè wọn lọ́dọọdún. Ohun tí ìyá fẹ́ ni pé kí ọkùnrin tó ni oko òkè yẹn dán ebè ìbú wò. Wọ́n ti bá a sọ ọ́, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì gbà pé oko wọn dára. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí òun bá yí ọwọ́ padà tí irè òun sì dín kù ní ọdún àkọ́kọ́, òun kò ní ohun tí òun yóò fi bọ́ ìdílé. Báwo ni a ṣe lè ran ọkùnrin yìí lọ́wọ́ láìfi dójú tì í, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé òun ni ìyá fẹ́ kí a fi ìmọrírì yìí tì lẹ́yìn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ dáhùn pé:

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn ìyá yìí sì mú inú mi dùn gan-an. Wọ́n ti sọ fún yín ohun tí wọ́n kà sí ọlá. Ẹ má tún wá ọ̀nà mìíràn lọ.

Ìbẹ̀rù ọkùnrin yẹn tọ́, kì í ṣe agídí. Ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Terrell, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọdún 1903. Seaman Knapp, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ti kíyè sí i pé oko tí ìjọba fi owó ara rẹ̀ dá kì í yí àgbẹ̀ lọ́kàn padà, nítorí ẹnikẹ́ni lè sọ pé owó ìjọba ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, oko àgbẹ̀ kan láàárín wọn, Walter Porter, ni wọ́n yàn. Òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, àwọn ará ìlú sì dá owó jọ tí wọn yóò fi dí àdánù rẹ̀ bí ó bá pàdánù. Kò pàdánù, ó jèrè. Lórí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni a ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ tí òfin Smith-Lever fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà ní ọdún 1914. Owó tí wọ́n dá jọ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó. Àwọn aládùúgbò ló gbé ìbẹ̀rù ẹnì kan lé èjìká ara wọn fún ọdún kan.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀. Kí ọkùnrin náà yan apá kan ṣoṣo nínú oko rẹ̀, ibi tí àgbàrá ti ń já bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá, kí ó kọ ebè ìbú síbẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe é. Ẹ jọ wọn irè apá méjèèjì lẹ́yìn ìkórè. Bí ti ebè ìbú bá kéré ju ti èkejì lọ, kí owó tí ẹ fẹ́ ná sórí ayẹyẹ dí àlàfo náà. Bí kò bá kéré, kí owó náà dúró de àgbẹ̀ mìíràn tó bá fẹ́ dán an wò ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbìn, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ìjà.

Ìdí tí mo fi gbà pé yóò tàn kálẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger. Láti ọdún 1983 ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ láti dá kùkùté igi tó ṣì lẹ́mìí nínú oko sí, wọ́n ń gé ẹ̀ka tó pọ̀ jù kúrò kí èyí tó kù lè di igi. Wọ́n fi àwọn tó kọ́kọ́ gbà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan sì gé igi wọn. Nígbà tí àwọn tó múlé tì wọ́n náà bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń gé igi ẹnìkejì mọ́, iṣẹ́ náà sì ti dé orí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Bí ó ti rí pẹ̀lú omi náà nìyẹn: ìyá kò lè dá àgbàrá dúró fún ara wọn nìkan níwọ̀n ìgbà tí oko òkè bá ń tú u sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ebè ìbú tí kò dọ́gba lè burú ju ebè tó dà sísàlẹ̀ lọ, nítorí omi yóò kó jọ sí ibi tó lọ sílẹ̀ jù, yóò já ebè náà, yóò sì já gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ọkọ́, kí wọ́n fi ohun èlò onígi mẹ́ta tí a kàn pọ̀ bíi lẹ́tà A wọn ilẹ̀: a ó so okùn àti òkúta mọ́ orí rẹ̀, ibi tí okùn bá ti dúró ní àárín igi ìbú, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba níbẹ̀, a ó sì gbé èèkàn sí i, a ó tún máa yí i lọ títí dé òpin oko. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó fún un. Ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra wọn mú igi náà dání lọ́jọ́ yẹn, kí ọmọ wọn àti ọkùnrin oko òkè máa gbé èèkàn, kí ó sì jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ ó ṣe é, nígbà tí kò sí iṣẹ́ kánkán lórí oko ẹnikẹ́ni.